Àwọ̀ òkun ogún ọdún, dátà orí fóònù kò gbé e: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Ìlàjẹ kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Iṣẹ́ ìwádìí oyè kejì ni mo ń ṣe lórí òkun wa, láti Kútọnù dé Àyétòrò. Ọ̀gá mi ní kí n lọ wo bí kílórófíìlì ojú omi ṣe ń pọ̀ tó tún ń dínkù láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, kí n fi í wé àsìkò tí ṣáwá máa ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: kílórófíìlì ni àwọ̀ ewé tó wà lára àwọn ohun wẹẹrẹ tó ń hù nínú omi, tí ẹja ń jẹ. Bí wọ́n bá pọ̀, àwọ̀ omi á yí padà, sátẹ́láìtì á sì rí i láti òkè.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń kó dátà yìí pamọ́ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé dátà la fi ń gba dátà nílùú yìí. Ọ̀fẹ́ ọ̀hún ti jẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà mi láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Mo lọ sí ìkànnì ibi ìpamọ́ àwọ̀ òkun ti NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, mo to orúkọ fáìlì ojoojúmọ́ ọdún 2003 sínú ìwé kan, mo ní kí wget, irinṣẹ́ tó ń gba fáìlì láti orí ìkànnì, máa gbà wọ́n lóru tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já geere. Nígbà tílẹ̀ mọ́, fáìlì 365 pé pérépéré. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo ṣí èkíní, Python, èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kà á, ní òun kò mọ ohun tó jẹ́. Mo ṣí èkejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, ìwọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, kílóbáìtì díẹ̀. Mo wá fi bùráúsà gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń já láàárín, tó bá sì já, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Báwo lẹ ṣe ń gbà á? Ibo lẹ ń kó o sí? Àwọn mẹ́ta mìíràn ní ẹ̀ka wa náà fẹ́ ẹ, mi ò sì fẹ́ kí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ra ohun kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Adé Onífáìlì kọ pé:

Àbúrò, tẹ èyí kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn:

head -c 200 orúkọ_fáìlì

Bí o bá rí DOCTYPE html lókè, ojú ewé tí wọ́n fi ń wọlé ni wọ́n gbé fún ọ. O kan ilẹ̀kùn nígbà 365, ìgbà 365 ni wọ́n bi ọ́ pé ta nìyẹn, o wá ká ìbéèrè náà sínú fódà. Má bínú, gbogbo wa la ti ṣe é.

Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ tí wọn yóò fi mọ̀ ọ́. Lọ forúkọ sílẹ̀ ní Earthdata Login, ibi ìforúkọsílẹ̀ NASA, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn náà, ṣe fáìlì kan tó ń jẹ́ .netrc sínú fódà ilé rẹ, kí ìlà kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀:

machine urs.earthdata.nasa.gov login orúkọ_rẹ password páásìwọ́ọ̀dù_rẹ

Fi chmod 600 tì í kí ẹlòmíràn tó ń lo kọ̀ǹpútà náà má baà kà á. Lẹ́yìn èyí:

touch ~/.urs_cookies
wget --auth-no-challenge --load-cookies ~/.urs_cookies --save-cookies ~/.urs_cookies -c -i akojo.txt

-c yẹn ni ọ̀rẹ́ rẹ. Bó bá já, á tẹ̀síwájú níbi tó dé, kò ní padà sí òdo. Bùráúsà ló ń jẹ ọ́ lówó.

Ìyá Ìbejì Maryland kọ pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò ṣiṣẹ́ ní Goddard, ibùdó NASA, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n Greenbelt tí ibi ìpamọ́ náà wà kò jìnnà sílé mi, dátà òkun ni mo sì fi ń jẹun. OB.DAAC là ń pè é láàárín ara wa.

Ọmọ Ìlàjẹ, Adé ti ṣílẹ̀kùn fún ọ, kò sì tíì bi ọ́ pé kí lo fẹ́ wọlé wá gbé. Wò ó bíi gàrí. L0 ni ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú tòun ti erùpẹ̀: àmì tó ti ojú sátẹ́láìtì bọ́ sílẹ̀ gan-an nìyẹn. L1 ni wọ́n ti bó, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ lásán ló ṣì jẹ́. Iṣẹ́ tó le jù wà láàárín L1 àti L2, nítorí nínú ìmọ́lẹ̀ tí sátẹ́láìtì ń rí lókè òkun, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló jẹ́ ti afẹ́fẹ́. Ìdá kan tó kù ni omi ní. Bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìfúngbò ni: omi tí kò wúlò gbọ́dọ̀ jáde. Ní L2, kílórófíìlì ti hàn, àmọ́ ó ṣì wà lórí ipa tí sátẹ́láìtì gbà lọ́jọ́ náà, ègé oníṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún fún MODIS, ojú tó wà lára sátẹ́láìtì Aqua. L3 ni gàrí tó ti dé orí àtẹ tí wọ́n ti ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n: gbogbo ayé pín sí àpótí ọgbọọgba, ti ojoojúmọ́, ti ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, ti oṣooṣù.

Ogún ọdún lo fẹ́ wò. L3 olóṣooṣù ni tìrẹ. Kí lo fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ ṣe?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Fáìlì L3 tí pííkìsẹ́lì rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 4 ní àpótí 8,640 níbùú àti 4,320 lóròó. Mílíọ̀nù 37 ó lé díẹ̀ nìyẹn, gbogbo ayé pátá. Ká ní àyè tìrẹ bẹ̀rẹ̀ láti díígírì 5 ní ìwọ̀ oòrùn dé 10 ní ìlà oòrùn, láti agbedeméjì ayé dé 8 ní àríwá. Àpótí 360 lọ́nà 192, ìyẹn 69,120. Ìdá kan nínú 540 ni. Nínú náírà 540 tí o ná, náírà kan ló ra òkun tìrẹ; Pàsífíìkì, yìnyín àti aṣálẹ̀ Sàhárà lo fi ìyókù rà.

Bí o bá gé àyè tìrẹ nìkan, oṣù 240 kò tó 70 MB, kí a tó fún un pọ̀ rárá. Fídíò ìgbéyàwó kan jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìlàjẹ kọ pé:

Háà! 70 MB kẹ̀? Ẹ ṣeun mà. Adé, DOCTYPE html ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbogbo 365. Mo ti pa wọ́n rẹ́ pẹ̀lú ìtìjú.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni yóò bá mi gé e? Bí mo bá ní láti gba odindi ayé kí n tó gé e, a ò tíì kúrò lójú kan.

Ará Àjàṣẹ́ kọ pé:

Ẹ kú o, láti Àjàṣẹ́. Èmi kì í gba odindi. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀, mo sì ń lò wọ́n.

Àkọ́kọ́ ni Copernicus Marine, ibi ìpamọ́ dátà òkun ti Yúróòpù, èyí tí Mercator Ocean ń bójú tó láti Toulouse. Forúkọ sílẹ̀, kó o fi pip gbé irinṣẹ́ wọn sórí kọ̀ǹpútà, kó o wá sọ fún un ibi tí o fẹ́. Lọ́dọ̀ wọn ni wọn yóò ti gé e, gígé nìkan ni yóò wá bá ọ:

copernicusmarine subset --dataset-id ORÚKỌ_DÁTÀ --variable CHL --minimum-longitude -5 --maximum-longitude 10 --minimum-latitude 0 --maximum-latitude 8 --start-datetime 2003-01-01 --end-datetime 2022-12-31

ORÚKỌ_DÁTÀ, inú àkójọ wọn lo ti máa mú un. Fara balẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n jọra bí ìbejì, ó kàn jẹ́ pé lẹ́tà kan yàtọ̀: ti ojoojúmọ́, ti oṣooṣù, èyí tí wọ́n fi ìṣirò dí àwọn ojú ihò ìkùukùu, èyí tí wọn kò dí. Lọ́dún tó kọjá mo fi odindi oṣù kan ṣiṣẹ́ lórí èyí tí wọ́n ti dí, tí mo rò pé ojú sátẹ́láìtì gan-an ni.

Èkejì ni ERDDAP, ẹ̀rọ apín-dátà tí CoastWatch ti NOAA, àjọ òkun àti ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà, ń lò. Inú àdírẹ́sì ìkànnì fúnra rẹ̀ lo máa kọ ọjọ́ àti àyè tí o fẹ́ sí, kó o tẹ Enter, fáìlì dé. Kò ní ariwo. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ fún ohun kékeré.

Ẹ̀kẹta, bó bá jẹ́ dandan kó jẹ́ ti OB.DAAC, ṣí Google Colab. Kọ̀ǹpútà tó wà lọ́hùn-ún ni yóò gba odindi ayé, òun ni yóò gé e, ìwọ á kàn gbé gígé wálé. Kò kan dátà orí fóònù rẹ. Ilé ìkàwé Python kan wà tó ń jẹ́ earthaccess, NASA ló wà fún, ó máa ń bá ọ ṣe ọ̀rọ̀ ìwọlé yẹn. Mo ti ṣe é láti orí fóònù rí nínú ọkọ̀, láàárín Ṣẹ̀mẹ́ àti Kútọnù. Ojú ro mí, ṣùgbọ́n ó ṣe é ṣe.

Tádé99 kọ pé:

Ẹ lo Earth Engine ti Google jàre, ẹ má wulẹ̀ gba nǹkan kan. MODIS wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Maryland kọ pé:

Ó wà níbẹ̀, Tádé, àmọ́ wo ọjọ́ tó parí sí kó o tó rán ọmọ ọlọ́mọ lọ. L3 ti MODIS-Aqua tó wà níbẹ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Ó dára fún àwòrán kíláàsì. Bí a bá fẹ́ fi gba oyè, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe.

Bàbá Téèpù kọ pé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, inú mi ń dùn, mo sì fẹ́ dá yín dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ìbejì fi parí yẹn. Títún un ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí, ní nǹkan bí ọdún 1998, téèpù la fi ń gba dátà yìí. A kọ̀wé, a dúró, téèpù gba ọ̀nà pósítì wá. Ọ̀sẹ̀ méje. Nígbà tó dé, kò sí ẹ̀rọ tó lè kà á ní gbogbo ilé iṣẹ́ wa. Mo gbé e sórí tábìlì mi fún ọdún méjì, àlejò tó bá wọlé á bi mí bóyá orin ẹ̀mí ni.

Ojú tó kọ́kọ́ wo àwọ̀ òkun láti òkè ni CZCS, lórí sátẹ́láìtì Nimbus-7, tí Amẹ́ríkà gbé sókè ní oṣù kẹwàá ọdún 1978. Ọdún kan ni wọ́n fún un láti fi dán an wò. Ó ṣiṣẹ́ di ọdún 1986. Ohun tó wà nínú rẹ̀ sùn lórí téèpù títí di nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1980 kí wọ́n tó ṣe gbogbo rẹ̀ tán tí ẹnikẹ́ni fi lè rí odindi ayé. Bí wọ́n bá ti ju téèpù wọ̀nyẹn nù ńkọ́? Lẹ́yìn CZCS, ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi ṣófo. Àwọn ará Japan gbé OCTS sókè ní ọdún 1996, kò pé ọdún kan tó fi dákẹ́. SeaWiFS ló wá dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1997. Ti ilé iṣẹ́ aládàáni ni, NASA ló ń ra dátà lọ́wọ́ wọn fún àwọn olùwádìí. Ó gbé títí di oṣù kejìlá ọdún 2010.

Kí ni mo fẹ́ fà yọ? Ojú sátẹ́láìtì ń bà jẹ́ bí ojú èèyàn. Oòrùn ń pa á, ọdún ń gorí ọdún, ó ń ríran bàìbàì, kò sì sí ẹni tó lè gun òkè lọ nù ún. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, wọ́n máa ń yí SeaWiFS lójú kó lè wo òṣùpá. Ojú òṣùpá kì í yí padà. Bí òṣùpá bá wá ṣókùnkùn ju ti oṣù tó kọjá lọ, kì í ṣe òṣùpá ló ṣe é, ojú rẹ ni. Wọ́n tún ní bọ́ì kan lójú omi nítòsí erékùṣù Lanai ní Hawaii, MOBY ni wọ́n ń pè é, tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ òkun láti inú omi gan-an, láti ọdún 1997, kí wọ́n lè fi í ṣe ẹlẹ́rìí.

Bí wọ́n bá ti rí àṣìṣe tuntun, wọn kì í kàn tún ti òní ṣe. Wọn á padà sí ẹ̀gẹ́ tí Ìyá Ìbejì ní ẹ kò nílò yẹn, wọn á tún gàrí yan látọjọ́ àkọ́kọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń tọ́jú L0 àti L1 bí ẹyin nìyẹn. Àtúnṣe ọ̀hún ní orúkọ: R2018, R2022. Ọmọ Ìlàjẹ, bí o bá gba ọdún 2003 sí 2015 láti inú háàdì ẹnìkan tó gbà á nígbà R2018, tó o wá gba ìyókù lónìí, wàá rí i pé òkun yí padà lójijì. Òkun ò ṣe nǹkan kan. Ìwọ lo so aṣọ méjì pọ̀.

processing_version, ìlà tó ń sọ àtúnṣe tó jẹ́, wà nínú fáìlì NetCDF kọ̀ọ̀kan. Fi ncdump -h wò ó. Kí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà kó o tó ya ìlà kankan.

Adé Onífáìlì kọ pé:

Bàbá, ẹ kú àlàyé, ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un: MODIS-Aqua fúnra rẹ̀ ti darúgbó. Ní ọdún 2002 ló gòkè, agogo kan ààbọ̀ ọ̀sán ló máa ń kọjá, àmọ́ láti bí ọdún 2022 epo tó fi ń di àyè rẹ̀ mú ti ń tán, aago yẹn ti ń yẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti ń lọ sórí VIIRS, ojú tuntun tó tẹ̀lé e, àwọn kan ti bọ́ sórí sátẹ́láìtì PACE tí wọ́n gbé sókè ní oṣù kejì ọdún 2024. Fún ogún ọdún tó gún régé, èmi kò ní fi ọwọ́ ara mi so SeaWiFS mọ́ MODIS mọ́ VIIRS. Mo ti ṣe é rí, ọ̀gá tó ń dán mi wò bi mí ní ìbéèrè kan péré, mo sì jókòó. OC-CCI, àkójọ tí wọ́n ti so pọ̀, ni kó lò: ESA, àjọ òfuurufú Yúróòpù, ló gbé e kalẹ̀, Plymouth Marine Laboratory ló ń darí rẹ̀, wọ́n ti bá ọ so SeaWiFS, MERIS, MODIS, VIIRS àti OLCI pọ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1997. Bí ìsopọ̀ bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ìsopọ̀ tí wọ́n ti kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Bàbá Téèpù kọ pé:

Mo gbà fún ọ lórí ìyẹn, díẹ̀. Kó gba MODIS nìkan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí méjèèjì bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ó ti ní ẹlẹ́rìí. Bí wọn kò bá sọ ọ́, ó ti rí orí ìwé tuntun.

Aṣọ́bodè Òkun kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń gbé etí omi sọ̀rọ̀ díẹ̀. Gbogbo yín ń sọ bí a ṣe ń gbà á. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?

Oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ ní etíkun Ivory Coast àti Gánà, ó máa ń dé Tógò àti Benin, ó sì máa ń rẹ̀wẹ̀sì bó ṣe ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Omi tútù yẹn ló ń gbé oúnjẹ wá sókè, òun ni ṣáwá ń lé. Ní àsìkò yẹn gan-an ni ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Sátẹ́láìtì tó ń wo àwọ̀ kò lè la ìkùukùu kọjá. Nítorí náà, oṣù tí o fẹ́ jù ni oṣù tí o máa rí kéré jù. Fáìlì oṣù kẹjọ lè ní àpótí tó jẹ́ pé ọjọ́ méjì péré ló dá a, wọn á sì pè é ní oṣù. Fáìlì àwòrán L3m kò ní sọ fún ọ. L3b, èyí tí wọ́n dì sí àpótí láìtíì yà á sórí máàpù, ní iye ìgbà tí wọ́n rí àpótí kọ̀ọ̀kan nínú. Gba ti oṣù kẹjọ ọdún mélòó kan, kó o kà á. Ó máa ń múni ronú.

Èkejì ni ilé rẹ. Etíkun Ìlàjẹ, ẹrẹ̀ ni, kì í ṣe yanrìn. Ẹni tó bá ti dé Máhìn tàbí Àyétòrò mọ̀ pé omi ibẹ̀ pọ́n bíi tíì. Ohun tí ìṣirò kílórófíìlì ń ṣe kò ju kó fi búlúù wé àwọ̀ ewé lọ: bí búlúù bá dínkù, ó ní kílórófíìlì pọ̀. Ẹrẹ̀ àti omi ewé jíjẹrà náà ń jẹ búlúù. Sátẹ́láìtì yóò bá ọ sọ pé ọ̀gbìn inú omi kún Àyétòrò lóṣù méjìlá ọdún. Irọ́ ni. Wo Rrs_667, ìmọ́lẹ̀ pupa tó ń ti inú omi bọ̀. Bó bá ga, ẹrẹ̀ lò ń wò. Yọ àpótí díẹ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀ kúrò, kó o sọ ọ́ nínú ìwé rẹ pé o yọ ọ́.

Ọyẹ́ ńkọ́? Láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, eruku Sàhárà á bo afẹ́fẹ́, ìdá mẹ́sàn-án tí wọ́n fẹ́ yọ kúrò yẹn á le láti yọ. Ẹ máa wo àmì inú l2_flags bí ẹ bá ń lo L2. ATMFAIL, àmì pé yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò kùnà, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Ọmọ Ìlàjẹ kọ pé:

Ẹ gbà mí o. Ọmọ Àyétòrò gan-an ni mí. Ilé bàbá mi àgbà ti wà nínú òkun báyìí, mo fẹ́ kí ó kéré tán jẹ́ pé mo lè ka àwọ̀ omi tó wà lórí rẹ̀.

Màmá mi ń yan ẹja. Nígbà tí mo fi àwòrán hàn wọ́n, wọ́n ní ṣé ó lè sọ fún àwọn ibi tí ṣáwá wà lọ́la. Mo dákẹ́.

Aṣọ́bodè Òkun kọ pé:

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Sọ fún Màmá pé ti ogún ọdún tí ò ń ṣe kì í ṣe ti ọ̀la. Ṣùgbọ́n University of Ghana ní Legon wà lábẹ́ GMES and Africa, ètò sátẹ́láìtì tí Yúróòpù àti Áfíríkà jọ ń ṣe, wọ́n ń fi dátà sátẹ́láìtì ṣe àwòrán ibi tó ṣeé ṣe kí ẹja wà fún ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan pàápàá; EUMETSAT, àjọ sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ Yúróòpù tó wà ní Darmstadt ní Jámánì, ní ètò EUMETCast tó ń da dátà sílẹ̀ láti ojú ọ̀run bíi tẹlifíṣọ̀n, o kàn nílò àwo ńlá, ẹ̀rọ ìgbàwọlé àti àṣẹ. Bí ẹ̀ka yín bá ní orí òrùlé tó dúró, ẹ lọ béèrè.

Olùtọ́jú kọ pé:

Mo ti ń dúró de kí ẹnìkan dáhùn ìdajì kejì ìbéèrè rẹ̀, ti kíkó pamọ́ fún ẹni mẹ́rin. Èmi ni mo ń mójú tó àwọn fáìlì ní ẹ̀ka kan. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ka náà nítorí mo ṣì fẹ́ gba owó oṣù.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bá háàdì kan tí fódà mẹ́ta wà nínú rẹ̀: chl, chl_tuntun, chl_final_ẹ_má_fọwọ́kàn. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣe é, ọdún wo, àtúnṣe wo. Orúkọ gbogbo fáìlì ti yí padà sí jan.nc, feb.nc. A da gbogbo rẹ̀ nù, a tún bẹ̀rẹ̀. Kí ìyẹn má ṣe ẹ̀yin.

Ẹ má yí orúkọ fáìlì padà rárá. Ẹ wo èyí:

AQUA_MODIS.20030101_20030131.L3m.MO.CHL.chlor_a.4km.nc

Gbogbo ìtàn rẹ̀ ti wà lójú: sátẹ́láìtì wo, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, ipele wo, MO fún oṣooṣù, ohun tó wọ̀n, ìwọ̀n pííkìsẹ́lì. Ẹni tó sọ ọ́ di jan.nc ti ya ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà.

Bí ẹ bá ti gba odindi tàbí gígé, ẹ fi í sí fódà kan tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ nǹkan sí, chmod a-w. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa bá ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe sha256sum gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà tó ń yí padà bí fáìlì bá yàtọ̀ díẹ̀, sínú fáìlì kan; nígbà tí ẹ bá kó o lọ sórí fíláàṣì ẹlòmíràn, kó tún un ṣe, kí nọ́ńbà bára mu. Iná lọ lójijì nígbà tí mo ń kó fáìlì lọ́jọ́ kan, fáìlì mọ́kànlá gé láàárín, ìwọ̀n wọn ṣì dà bí ẹni pé ó pé. sha256sum ló tú wọn fó.

Ibi mẹ́ta ni kó wà, ọ̀kan nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú ilé kan náà. README lásán, ọ̀rọ̀ ṣókí: ibi tí ẹ ti gbà á, ọjọ́ tí ẹ gbà á, àtúnṣe wo, DOI rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà), àyè tí ẹ gé, àti kóòdù tí ẹ fi gé e. DOI yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀fẹ́ ni dátà náà, ẹ sì lè pín in, ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí i. Òun ni àwọn tó ń pamọ́ fi ń jẹ́rìí fún àwọn tó ń fún wọn lówó pé ẹnìkan ń lò ó.

Tí ẹ bá ṣe iṣẹ́ lé e lórí, bóyá àròpọ̀ ogún ọdún fún àyè wa, Zenodo, ibi ìpamọ́ dátà ìwádìí, á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń gba tó 50 GB fún ìgbésílẹ̀ kan, á sì fún un ní DOI tirẹ̀. Ẹni tó wà ní Kútọnù kò ní láti tún gé ohun tí ẹ ti gé.

Tádé99 kọ pé:

Ṣé kí a kúkú gbé e sórí Telegram?

Olùtọ́jú kọ pé:

Tádé, mo ti rí ọ.

Ọmọ Ìlàjẹ kọ pé:

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Mo gba OC-CCI olóṣooṣù, gígé nìkan, láti oṣù kìíní 2003 dé oṣù kejìlá 2022. Mo fi Colab gba MODIS-Aqua náà, gbogbo rẹ̀ R2022, mo fi ìlà kan ka processing_version nínú 240, wọ́n bára mu. Lápapọ̀, owó dátà tí mo ná kò tó irínwó náírà. Bàbá, lẹ́bàá Àkrà àti Lómé, méjèèjì ń jó ìjó kan náà: oṣù keje wọ́n gòkè, oṣù kẹwàá wọ́n sọ̀. Níwájú Èkó, wọn kò gbọ́ ara wọn yé, mo sì rò pé mo mọ ìdí rẹ̀, nítorí mo ka L3b oṣù kẹjọ gẹ́gẹ́ bí Aṣọ́bodè ṣe sọ. Ọdún mìíràn wà tó jẹ́ pé àpótí kan níwájú Lẹ́kkí kò rí ojú ọ̀run ju ọjọ́ kan ṣoṣo lọ ní gbogbo oṣù.

Àyétòrò ga lóṣù méjìlá, Rrs_667 rẹ̀ náà ga. Mo ti yọ ọ́ kúrò. Ó dùn mí díẹ̀.

Háàdì ẹ̀ka wa ti ní fódà kan báyìí, ẹni mẹ́rin la ń kà á, ẹnikẹ́ni kò lè kọ sí i.

Ará Àjàṣẹ́ kọ pé:

O káre! Fi gígé OC-CCI yẹn ránṣẹ́ sí mi jọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ méjì níbí ń wá àyè kan náà. WhatsApp á gbé e.

Ọmọ Ìlàjẹ kọ pé:

Mo ti fi ránṣẹ́, 28 MB, pẹ̀lú sha256 rẹ̀.

Ará Àjàṣẹ́ kọ pé:

Ó dé, nọ́ńbà bára mu. README dà?

Ọmọ Ìlàjẹ kọ pé:

Yéè. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo kọ ọ́, n kò kọ ọjọ́ tí mo gbà á sí i.